Ojú Ìwé Keje

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kọkànlá 1975

Wọ́n ti mú un. Kì í ṣe èmi.

Ṣẹ́ẹ̀fù, ọ̀gá wa, pe gbogbo wa jọ láàárọ̀ – àwa mẹ́sàn-án tí a wà ní bíró Kànga, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó omi kànga. Ó ní àwọn aṣojú ìjọba Ìyípadà ń bọ̀ láti Kútọ̀nú ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ẹnì kan nínú wa yóò dìde sọ̀rọ̀ níwájú wọn lórí omi tí àwọn èèyàn ń mu ní Àjàṣẹ́. Ẹkisipozé ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa ni yóò máa lọ bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀ lórúkọ bíró, pẹ̀lú ọkọ̀ àti awakọ̀. Mo ti gbé àgbọ̀n sókè. Mo ti ń wá ibi tí màá gbé ọwọ́ sí. Ó ní, “Sẹtadíì, Mamuasẹ́ẹ̀lì Sikiratou.”

Sẹtadíì lorúkọ tí mo sọ Ṣẹ́ẹ̀fù nínú ìwé yìí. Kò lè sọ gbólóhùn kan kó má fi sẹtadíì, “ìyẹn ni pé” lédè Faransé, tún un sọ, bíi pé a ò gbọ́ ti àkọ́kọ́.

Ọdún méjìlá ni mo ti ń tẹ̀wé níbẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ti dìde sọ ní bíró yẹn, abẹ́ ìka mi ló gbà kọjá. Èmi ni mo ń tún Faransé wọn ṣe, wọn ò sì mọ̀. Nínú oṣù kẹsàn-án mo kọ lẹ́tà sí Sẹtadíì pé èmi náà lè sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màdáámù Virginie, ta ni yóò wá tẹ̀wé?”

Sikiratou ò tíì pé ọdún kan lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó lọ kọ́ṣẹ́ ní Dakar fún oṣù mẹ́jọ, ó ra bàtà pupa bọ̀. Bàtà Pupa ni mo ń pè é – níhìn-ín nìkan.

Mo jowú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí n má baà fún un lórúkọ mìíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ó tún wọ̀ ọ́. Láti ẹnu géètì la ti ń gbọ́ ọ – ko, ko, ko.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ìyà náà di méjì. Kò tó pé wọn ò mú mi, èmi ni Sẹtadíì ní kí n máa jókòó gbọ́ ọ nígbà tó bá ń dánra wò. Lójoojúmọ́, nígbà ìsinmi ọ̀sán, tí àwọn yòókù bá ti lọ jẹun sílé. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún mi. Ogún ìṣẹ́jú, kò gbọdọ̀ lé.

Bàtà Pupa dúró, ó kọjú sí àpótí ìwé onírin, ó kí àpótí náà bí ẹni tó ń kí mínísítà. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbé ìparí gbólóhùn mì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò kúrò létí. Nígbà tó dé orí iye kànga tó wà ní Akron, àdúgbò wa, ó ń sáré bí ẹni tí òjò ká mọ́ ojú ọ̀nà. Mo rí gbogbo rẹ̀. Mo ní, “Ó dára.” Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Ó yọ pẹ́ńsùlù pupa, ó kọ déètì àti iye ìṣẹ́jú sórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní Dakar nìyẹn, ó ní. Kò sí ìdánrawò tí kì í ní déètì tirẹ̀. Dakar, Dakar.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Mo dánra wò fúnra mi. Nílé wa ní Akron, nínú balùwẹ̀, ilẹ̀kùn ní títì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà lórí mi láti àná. Mo sọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú méjìdínlógún, mi ò gbé gbólóhùn kankan mì.

Ìyá mi wà lóde, ó ń so bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù àwọn oníbàárà rẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ó pe orúkọ ilé mi, ó ní, “Àìná, ta lò ń bá jà níbẹ̀ yẹn?” Mo ní mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní, “Ẹni náà ò kúkú dá ọ lóhùn.”

Ọjọ́ Ajé, 10

Mo ṣe ohun tí mo ti búra pé mi ò ní ṣe. Mo tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe.

Mi ò lè fara dà á mọ́ ni. Ó ń fi iye kànga bẹ̀rẹ̀ – méjìlélógójì ní ibí, mọ́kàndínlógún ní ọ̀hún – àní èmi tí mo jókòó gbọ́ ọ ti ń tòògbé. Ẹnu mi ló ṣí fúnra rẹ̀. Mo ní kó fi ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀, tó ń so okùn mẹ́ta pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí korobá rẹ̀ tó kan omi. Iye kànga, wọn yóò gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó délé. Okùn mẹ́ta, wọn ò ní gbàgbé.

Ó jókòó, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dúpẹ́ bí ẹni tó ń bá àǹtí rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní, “Tantí, mèsí. Kí ló dé tí ẹ ò ti sọ ọ́ láti Ọjọ́bọ̀?” Ó bu ẹ̀pà fún mi nínú pépà. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn, ìyẹn náà bí mi nínú.

Tèmi ni okùn mẹ́ta yẹn. Èmi ni mo so ó, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó ti di tirẹ̀ báyìí.

Ọjọ́rú, 12

Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Ó ń dára sí i. Inú mi ò dùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Ìyá mi ní kí n bá òun gbé aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tó rán lọ fún ẹnì kan ní àdúgbò Houinmè. Bí mo ti yà ní igun, mo gbọ́ ohùn tí mo mọ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé àwọn Bàtà Pupa ni. Ìyá àgbà rẹ̀ wà lórí ẹní, àwọn àbúrò rẹ̀ jókòó sílẹ̀, obìnrin aládùúgbò kan gbé ọmọ pọ̀n. Bàtà Pupa dúró níwájú wọn láìwọ bàtà, ó ń sọ gbogbo rẹ̀ ní Nàgó fún ìyá àgbà. Ó dé orí okùn mẹ́ta. Ìyá àgbà ní, “Mẹ́ta péré? Ayé ti dẹ̀. Tiwa jẹ́ márùn-ún.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí. Ó burú. Èmi, ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì. Ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà: mo ń sọ fún ara mi pé ọmọ wọn ni, wọn ì bá pàtẹ́wọ́ fún un bó bá ń ka orúkọ àwọn ẹja. Ṣùgbọ́n kò gbé gbólóhùn kankan mì mọ́. Èmi, ta ló ti pàtẹ́wọ́ fún mi rí? Mo gba ẹ̀yìn ọjà lọ, ọ̀nà tó jìn.

Ọjọ́rú, 19

Mo tẹ ìwé rẹ̀ sórí sítẹ́ńsùlù, bébà tí ẹ̀rọ fi ń yí ẹ̀dà jáde. Ojú ìwé mẹ́sàn-án.

Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, lápá òsì, a máa ń fi lẹ́tà orúkọ sí i ní bíró wa. Lẹ́tà ńlá fún ẹni tó ni ọ̀rọ̀, lẹ́tà kékeré fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́. SI/va. Sikiratou Inoussa, Virginie Àkàndé. Ọdún méjìlá ni mo ti ń jẹ́ lẹ́tà kékeré. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án lónìí, ó sì ń dùn mí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Wọ́n sún un síwájú. Ó di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá. Sẹtadíì ní nǹkan ńlá kan ń bọ̀ ní ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí, gbogbo èèyàn ló máa jáde. Kò mọ nǹkan ọ̀hún, ṣùgbọ́n ó ń rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, 30

Rédíò sọ ọ́. A kì í ṣe Dahomey mọ́. Bénin lorúkọ wa.

Ìyá mi dá abẹ́rẹ́ dúró. Ó ní, “Wọ́n ṣe ìsọmọlórúkọ fún àgbàlagbà?” Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kejìlá

Sẹtadíì ń làágùn láti àárọ̀. Kò gbọdọ̀ ku Dahomey kan nínú ìwé náà. Sẹtadíì, kò gbọdọ̀ ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ̀rù tó ń bà á, ó nídìí. Nínú oṣù tó kọjá, ẹnì kan ní bíró mìíràn ṣèèṣì lo bébà tó ní òǹtẹ̀ ìjọba àtijọ́. Kòmítẹ̀ Ìyípadà dá a dúró níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ fún wákàtí méjì kó máa ṣàlàyé ara rẹ̀, wọ́n sì gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo kà á: ibi mọ́kànlá. Lórí sítẹ́ńsùlù, èèyàn kì í kàn pa nǹkan rẹ́. Wàá fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun omi pupa kan tó ń rùn bí ọ̀dà èékánná lé e lórí, wàá fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ, kó o tó tẹ tuntun. Mo ṣe mẹ́wàá.

Ìkọkànlá wà lójú ìwé keje, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú ti máa ń rẹ ẹni tó ń kàwé. “Àwọn kànga Dahomey, ti ará ìlú ni.” Mo ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ omi pupa. Bàtà Pupa kọjá lójú fèrèsé, òun àti awakọ̀ ń rẹ́rìn-ín – awakọ̀ tí yóò máa gbé e kiri abúlé. Mo fa búrọ́ọ̀ṣì yọ. Mo dé ìgò náà.

Ta ni yóò bi lẹ́tà kékeré ní ìbéèrè? Atẹ̀wé a máa tẹ ohun tó bá rí. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo kọ ọ́ síbí kí ìwé yìí, ó kéré tán, má baà purọ́ fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2

Bàbá Òjó tó ń bá wa ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ní bíró ló yí ẹ̀rọ. Ẹ̀dà ọgbọ̀n. Yíǹkì dé ìgúnpá rẹ̀. Kò mọ̀wé kà, nítorí náà ó máa ń gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ wá fún mi. “Màdáámù, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?” Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 3

Ìdánrawò ìkẹyìn. Ẹ̀dà tuntun ló fi ṣe é. Àpótí ìwé onírin ni mo ń wò, mi ò fẹ́ wo ojú rẹ̀.

Lójú ìwé keje ó dákẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ sọnù mọ́ ọn lórí ni. Ó wo ìwé. Ó mu omi. Ó wò mí, ó pẹ́ díẹ̀. Ó wá ní “àwọn kànga Bénin”, ó sì ń bá a lọ. Kò nílò ìwé mọ́, orí rẹ̀ ló ti ń kà á. Ogún ìṣẹ́jú géérégé. Ó kọ déètì rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

Ó ní ọyẹ́ ń mú òun lọ́fun. Ó ní, “Tantí, ẹ̀yin náà ti mọ gbogbo rẹ̀ sórí, àbí?” Mo ní iṣẹ́ mi ni.

Ìyá mi bu omi fún mi nígbà tí mo délé. Mo gbé e sílẹ̀. Wọ́n á dá ọmọ yìí dúró níwájú gbogbo èèyàn. Ọmọ tó bu ẹ̀pà fún mi. Àwọn àgbà ní bí èèyàn bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn, tìtorí bóyá òun ni yóò já sí i. Bíró Kànga lèmi ti ń ṣiṣẹ́, ó sì yẹ kí n mọ̀ nípa kòtò. Lọ́la, màá tètè dé. Màá fi bírò tún ọgbọ̀n ẹ̀dà náà ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 4

Màá gbìyànjú láti kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo débẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Sẹtadíì ti ṣáájú mi. Ó ti to ẹ̀dà sórí àga lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jókòó tì wọ́n bí adìẹ tó sàba. Mo ní kó jẹ́ kí n wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n mọ́, sẹtadíì, wọ́n mọ́ tónítóní.

Àwọn aṣojú dé ní aago mẹ́sàn-án. A dìde, a gbé ọwọ́ sókè, a kí Ìyípadà. Bàtà Pupa wọlé, ó fi ìborùn wé ọrùn. Ó sọ̀rọ̀ sí Sẹtadíì létí: ohùn òun ti lọ. Sẹtadíì káwọ́ lérí. Bàtà Pupa wá sọ́dọ̀ mi, ó kó ìwé rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: “Tantí, ẹ gbà mí. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n.”

Báyìí ni mo ṣe dìde.

Kí n má purọ́: ó dùn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí okùn mẹ́ta. Obìnrin kan nínú àwọn aṣojú ń mi orí. Nígbà tí mo bá ṣí ojú ìwé, gbogbo wọn á ṣí i pẹ̀lú mi, ọgbọ̀n ìwé á dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò mọ̀ pé ohùn mi lè kún inú ilé tó bẹ́ẹ̀. Ojú ìwé kẹrin, ìkarùn-ún. Mo gbàgbé. Ọlọ́run ló mọ̀, mo gbàgbé títí mo fi ṣí èyí tó tẹ̀lé ìkẹfà.

Mo ní “àwọn kànga Bénin, ti ará ìlú ni”. Mo pè é ketekete. Kí ni ẹnu mi lè ṣe? Ìwé wà lọ́wọ́ wọn. Ọkùnrin onígíláàsì kan ní iwájú gbé ìka sókè. Ó ní, “Kàmáráàdì, ohun tẹ́ ẹ kà kọ́ ló wà níbí.” Ó ka èyí tó wà níbẹ̀ sókè. Kò pariwo. Ó tẹ ìka sí igun ìwé, lápá òsì. Ó ní, “SI. Ta ni? Va. Ta ni?”

Mo ya ẹnu. Ẹnu tó ti ń wá ààyè sọ̀rọ̀ láti ọdún méjìlá. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Sikiratou dìde láti ẹ̀yìn. Ó ní, “Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kọ ni Màdáámù tẹ̀. Àṣìṣe mi ni.” Ọkùnrin náà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ó ní kí gbogbo wa mú bírò, kí a fa ilà lé ọ̀rọ̀ náà. Ọgbọ̀n bírò. Ó ní ẹni tó kọ ọ́ yóò wá síwájú kòmítẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n máa kà á lọ. Mo kà á parí. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìgbà tí mo ń bọ́ bàtà nílé ni mo tó rántí. Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló ti sọ̀rọ̀, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara.

Ọjọ́ Ẹtì, 5

Ìwé kan wà lábẹ́ ọ̀rá tí mo fi ń bo màṣíìnì mi. Ojú ìwé keje. Ó fi pẹ́ńsùlù pupa yí Dahomey po. Lókè: 3/12, ìṣẹ́jú 20. Kò kọ nǹkan mìíràn.

Láti Ọjọ́rú ló ti mọ̀. Ó mọ̀, ó sì kó ìwé lé mi lọ́wọ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn débẹ̀. Nígbà tí mo wá débẹ̀, ó fà mí jáde. Èwo nínú méjèèjì ló fẹ́ ṣe? Bóyá òun pàápàá ò mọ̀ títí ó fi dìde. Èmi ì bá jẹ́ kó jìn sí kòtò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èmi àti òun nìyẹn, mo sì tún ń jowú ìyẹn náà.

Ọjọ́ Àìkú, 7

Mi ò lọ sí Máàsì. Mo wà nínú balùwẹ̀, mo ń dánra wò. Gbólóhùn mẹ́rin péré: Èmi ni. Mo rí i. Mo fi í sílẹ̀. Owú ni. Mo sọ ọ́ títí ohùn mi ò fi gbọ̀n mọ́.

Nígbà tí mo jáde, ìyá mi wò mí. Ó ní, “Àìná, ó ti wá dá ọ lóhùn báyìí?”

Ọjọ́ Ajé, 8

Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kòmítẹ̀ láti aago mẹ́jọ. Gbólóhùn mẹ́rin náà wà lẹ́nu mi. Mo ń gbọ́ ohùn Sikiratou nínú ilé, ó ń ṣàlàyé ara rẹ̀, kò gbé ìparí ọ̀rọ̀ kankan mì. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Ilẹ̀kùn ṣí. Sẹtadíì ló kọ́kọ́ jáde, ó ń nu ojú. Ó ní ó ti parí. Mamuasẹ́ẹ̀lì ò ní lọ sí abúlé mọ́. Àwọn aṣojú fẹ́ràn ohùn mi, sẹtadíì, èmi ni màá máa lọ. Awakọ̀ ti mọ̀. Mo bi í pé ta ni yóò wá tẹ̀wé. Ó fi orí júwe ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Gbólóhùn mẹ́rin. Mo ya ẹnu. Mo ní, “Mèsí, Ṣẹ́ẹ̀fù.”

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Kò wọ bàtà pupa. Sálúbàtà ló wọ̀, mi ò gbọ́ ìgbà tó wọlé.

Ìka méjì ló fi ń tẹ̀ ẹ́, láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ojú ìwé mẹ́sàn-án, fún abúlé àkọ́kọ́ ní Ọjọ́ Ajé. Ó tò wọ́n síwájú mi, etí wọn dọ́gba. Ní ìsàlẹ̀, lápá òsì: VA/si. Lẹ́tà ńlá. Mo wò ó títí, mi ò rí ayọ̀ tí mo rò pé màá rí níbẹ̀.

Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ó ní, “Tantí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ ojú ìwé keje wò.” Ó sì lọ jókòó sórí àga mi.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta, títí Bàbá Òjó fi wá ń ti fèrèsé. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.